Ìyọ̀ǹda Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rán Mi Lọ Gbà

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kẹjọ

Òjò láti òwúrọ̀, kò dá títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìwé mẹ́ta ti kó aṣọ yunifọ́ọ̀mù wá, ìkẹrin ní àwọn ń bọ̀. Owó òwú funfun tún ti gòkè. Ẹni tó ń tà á ní kí n má wo ojú òun, kí n lọ wo ojú àwọn tó ń kó o wá.

Lọ́yà, ọmọ mi obìnrin, wọlé ní ìrọ̀lẹ́, àárín ọ̀sẹ̀, kò pè ṣáájú. Bí ọmọ tó ti ń dá gbé bá wọlé báyẹn, àyà òbí kì í dúró síbì kan. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ikùn rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń tiro. Ó jẹun tán, ó fọ abọ́, ó nu ọwọ́, kó tó wá jókòó sọ ọ́. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló ní kó wá ṣe lọ́yà àwọn. Owó oṣù tí wọ́n dárúkọ ju ìlọ́po méjì èyí tó ń gbà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà, lọ́yà tó gbà á síṣẹ́. Mọ́tò wà níbẹ̀. Owó ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, títí kan tèmi àti ti ìyá rẹ̀. Kó fèsì kí oṣù yìí tó parí, kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀.

Ìyá wọn ní, "Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní mò ń rò ó."

"Kí ló wà níbẹ̀ tó o máa rò?"

Èmi ní Ọ̀gá Àgbà ńkọ́. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ òfin, tí gbogbo ọ́fíìsì ń bi í pé ọdún mélòó ló ti fi ṣiṣẹ́, ọkùnrin yẹn nìkan ló ní kó wọlé kó fa àga. Mo tún ní awakọ̀ ńkọ́, ẹni tí wọ́n ní ó ta odidi tírélà bátìrì, tó ti lé lọ́dún kan ní àhámọ́. Lọ́yà wa ló ń bá Ọ̀gá Àgbà gbé ẹjọ́ náà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn níwájú adájọ́, àwọn oní-sìmẹ́ǹtì ò sì gbà kí lọ́yà àwọn tún máa dúró fún ẹlòmíràn ní kóòtù.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ohun tí mò ń rò nìyẹn. Ọ̀gá ò tíì gbọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní ṣé agogo ìlú ni mí ni.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹnu bàbá yín nìkan ni kò ní bọ́tìnnì nínú ilé yìí."


Ọjọ́rú, 7 oṣù kẹjọ

Mo rán kọ́là mẹ́rin ní òdì. Mo tú wọn.


Àbámẹ́ta, 10 oṣù kẹjọ

Àbúrò Lọ́yà wá, Fíríìjì. Orúkọ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un. Ṣé èmi ni ẹnu mi ò ní bọ́tìnnì?

"Àǹtí mi tún ń rò ó?" ló wí. "Bàbá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àwọn oní-sìmẹ́ǹtì yẹn. N ó lọ kọ́ òfin lọ́la."

"Ìwọ tí o ò lè ka ìwé tó wà lára fíríìjì tó ò ń tún ṣe."

"Ẹ̀rọ ò nílò ìwé. Ẹ wulẹ̀ máa tẹ́tí sí i ni."

Mo mọ ohun tó ń wá. Ó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa tún fíríìjì ṣe lábẹ́ agbòjò ẹlòmíràn, ó sì ti fọkàn sí i pé bí owó Àǹtí bá pọ̀ sí i, òun náà á rí nǹkan mú. Kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé nígbà wo ni oṣù ń parí, bí ẹni tí kò ní kàlẹ́ńdà.

Ní tèmi, kó dúró. Ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ kì í ṣe ẹni à ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá wọn. Ó ní kí n lọ fi ìyẹn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.


Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù kẹjọ

Lọ́yà gbé fáìlì ẹjọ́ awakọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti máa ń gbé fáìlì wá kí n bá a fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, torí tèmi kì í tú. Tòní yàtọ̀. Ó ní kí n mú òwú tó nípọn, kí n ta kókó sí etí àwọn ojú ìwé kan, ibi tó fi bébà pupa sí. Kókó kan fún àkọ́kọ́, méjì fún èyí tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ lọ. Kí kókó náà le, kí ó má sì ya ìwé.

Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi kókó ṣe.

"Kó lè yá láti rí i ni, Bàbá."

Mo ti ṣe ìdajì kí iná tó lọ. Mo bá ń fọwọ́ wá ibi tí mo bá a dé, mo ń ka kókó náà pẹ̀lú ìka: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ẹni tó bá ń ríran, bébà pupa ti tó o.


Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù kẹjọ

Ó wá gbé fáìlì. Mo jẹ́ kí oníbàárà tó wà níbẹ̀ lọ tán.

"Ta ni kò ríran ní ọ́fíìsì yín?"

Ó jókòó lórí ìdì aṣọ káákì. Ó wo ẹnu ọ̀nà ná. Ó ní ojú Ọ̀gá Àgbà ti ń lọ láti ọdún tó kọjá, dókítà ti ní kò sí ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe sí i mọ́. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń rí, àti òjìji ènìyàn. Òun ló ń ka gbogbo ìwé fún wọn láàárọ̀. Wọ́n á dijú, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ orí wọn nìyẹn. Ní kóòtù òun á jókòó sápá òsì wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á sọ òfin bí omi, bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ojú ìwé kan han adájọ́, ìka wọn ni yóò máa wá kókó báyìí. Tẹ́lẹ̀, òun á máa sọ nọ́ńbà ojú ìwé sí wọn lábẹ́lẹ̀. Lọ́yà ìjọba ti ń fura, ni òun fi ronú kan òwú.

"Adájọ́ ò mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Awakọ̀ tí wọ́n ń gbà là ńkọ́?"

Ó ní, "Bí mo bá lọ, Bàbá, ta ló máa kà á fún wọn?"

Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Ó gbé fáìlì rẹ̀, ó lọ nínú òjò.

Ọkàn mi ti yí padà pátá. Mo ti ń ní kó dúró, kó dúró, mi ò mọ̀ pé inú ilé tó ń wó ni mo ní kó dúró sí. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, ṣé orúkọ Ọ̀gá Àgbà nìkan ló máa bàjẹ́? Wọ́n á ní ọmọ tèmi ló ń bá a tan kóòtù jẹ.


Àìkú, 18 oṣù kẹjọ

Mi ò lè jẹun. Ìyá wọn bi mí kí ló ń jẹ mí, mo ní kò sí. Ó tún bi mí. Mo ní ojú ẹnìkan ni. Ó ní, "Ti Ọ̀gá Àgbà?"

Ó ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá.

"Ẹ̀yin méjèèjì wá fi mí sílẹ̀ bí àlejò?"

"Ó ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ máa yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ wo ara yín báyìí."

Mo ní kí ló dé tí kò fi ní kó tètè kúrò níbẹ̀. Ó ní òun ti ní kó kúrò, ṣé mi ò gbọ́ ohun tí òun ń sọ láti ọjọ́ kìíní ni? Àwa méjèèjì wá ń fẹ́ nǹkan kan náà, síbẹ̀ a jà dé ìrọ̀lẹ́.


Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù kẹjọ

Mo ti rí ọ̀nà. Ohun tó ń dá Lọ́yà dúró kò ju ìtìjú lọ. Kò mọ bí òun ṣe máa kojú Ọ̀gá Àgbà. Iṣẹ́ òbí sì nìyẹn. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi ní télọ̀, bàbá mi ló wọ aṣọ, ó wá dúró níwájú ọ̀gá, ó ní a wá gba ìyọ̀ǹda. Ọ̀gá súre fún mi, mo gbé sísọ́ọ̀sì mi, mo lọ. Àwọn méjì tó sá lọ láìgba ìyọ̀ǹda, mo mọ ibi tí ọwọ́ wọn dé.

Mo ti lọ agbádá mi. Mi ò sọ fún ìyá wọn.


Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kẹjọ

Òjò dá fún mi. Mo mọ̀ pé Lọ́yà máa wà ní kóòtù kékeré láàárọ̀, ni mo fi yan àkókò yẹn.

Ọ́fíìsì náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Akọ̀wé wọn, ọkùnrin tín-ínrín kan tó dà bíi pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ni wọ́n bí i sí, mú mi wọlé. Ọ̀gá Àgbà jókòó sẹ́yìn tábìlì tí ìwé kún. Kò wo ojú mi, etí ló kọ sí mi.

"Bàbá Lọ́yà. Ẹ jókòó."

Ó mọ̀ mí láti ara ìró ẹsẹ̀. Ọjọ́ orí wa ò ju ara wọn lọ, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó rí i. Mo ní ire ló gbé mi wá. Mo ní ẹni tó bá kọ́ ọmọ ẹni níṣẹ́, òbí kejì ni. Mo ní oyin rere ni ẹ fi sínú agolo ọmọ mi, àwọn èèyàn sì ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀, iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ní kó wá. Mo ní a wá bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ wúre fún un, kó má bàa dà bí ẹni tó já okùn.

Fáànù ń yí. Ó na ọwọ́, ó tún bírò tó wà níwájú rẹ̀ tò, bẹ́ẹ̀ kò wọ́ tẹ́lẹ̀.

"Nígbà wo ló ń lọ?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, sà."

"Kí ẹjọ́ awakọ̀ tó wáyé."

Mo ní, "Ọwọ́ yín náà ló wà, Ọ̀gá Àgbà."

"Ó yẹ kó sọ fún mi fúnra rẹ̀."

"Ojú yín ló ń tì í," ni mo wí. Bí mo ṣe sọ ọ̀rọ̀ ojú yẹn tán, ó ṣe mí bíi kí n gbé e mì padà.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dìde, ó di etí tábìlì mú, ó súre fún ọmọ mi. Àdúrà náà gùn, ó sì dára, mo ń ṣe àmín láti ìsàlẹ̀ ikùn. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù. Mo sọ fún ìyá wọn pé mo ti yanjú ẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ yanjú?" Mo ní kó dúró ná, á gbọ́.


Ọjọ́rú, 21 oṣù kẹjọ

Lọ́yà wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán. Kò jókòó.

Ọ̀gá Àgbà pè é láàárọ̀ níwájú gbogbo wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé kọ̀wé sí ọ́fíìsì òdìkejì ọ̀nà kí wọ́n wá gba fáìlì awakọ̀, òun náà á sì ti ọ́fíìsì pa kí ọdún tó parí. Lọ́yà ní bí òun ṣe ń gbọ́ ọ, òun rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mi ò tíì pinnu."

Mo ní ṣebí ọ̀nà ni mo là fún un.

"Ẹ gé aṣọ tí ẹ ò wọ̀n. Ta ló rán yín?"

"Bàbá tèmi náà ló lọ gba ìyọ̀ǹda tèmi."

"Ẹ ti pinnu kí wọ́n tó lọ, àbí ẹ ò tíì pinnu?"

Mo ti pinnu. Mo ti ra ẹ̀rọ kí bàbá mi tó wọ aṣọ. Mi ò sọ ìyẹn jáde.

"Ṣé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mí, Bàbá? Lẹ́tà la máa ń kọ. Mo ti ní kí n kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ojú yẹn, kí n mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i, kí n tó mọ ohun tí èmi náà máa ṣe. Ẹ̀yin ti pa ẹnu ọ̀nà dé mọ́ wa."

Kò pariwo rárá. Ì bá pariwo. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá láti ilé, kò wò ó.


Ẹtì, 23 oṣù kẹjọ

Mo pè é, kò gbé e. Ìyá rẹ̀ pè é, ó gbé e.


Àbámẹ́ta, 24 oṣù kẹjọ

Fíríìjì wá. "Bàbá," ló wí, "mo gbọ́ pé ẹ gba Àǹtí mi síṣẹ́, ẹ sì lé e kúrò níṣẹ́, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tèmi."

Mo ní kó jáde. Ó jáde, ó tún wọlé, ó bá mi gbé ẹ̀rọ kúrò níbi tí òjò ń jò sí. Ó ní òun ò fẹ́ kí Àǹtí lọ nítorí ṣọ́ọ̀bù òun, kí n bá òun sọ ọ́ fún un, torí òun ò mọ bí òun ṣe máa gbé e kalẹ̀. Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan mọ́ láyé yìí.

Mo ti gbèrò pé lọ́jọ́ Ajé, kí n padà sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, kí n sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá wọn ti gbé bàtà mi pamọ́.


Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù kẹjọ

Láti ẹnu ìyá wọn, torí èmi ò sí lára àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀:

Ọ́fíìsì òdìkejì ọ̀nà ti wo fáìlì awakọ̀. Wọ́n ní àwọn lè gbà á, ṣùgbọ́n àwọn máa ní kí adájọ́ sún un síwájú káwọn lè kà á. Kóòtù kún. Bí wọ́n bá sún un báyìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Títí dìgbà yẹn awakọ̀ wà ní àhámọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn láti àárọ̀, kò sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn jókòó.

Lọ́yà ti bẹ àwọn oní-sìmẹ́ǹtì pé kí òun fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ wọlé. Wọn ò tíì fèsì.

Ilé ìwé kejì wá kó aṣọ wọn. Wọ́n ní ṣòkòtò ọmọ kan gùn ju èkejì lọ lẹ́sẹ̀ kan. Mo wò ó, òótọ́ ni.


Ọjọ́rú, 28 oṣù kẹjọ

Mo ń rán apá aṣọ nígbà tí òjìji kan bo ọwọ́ mi. Lọ́yà ni. Ó wọlé, ó yọ bàtà tó ti rin, ó jókòó sórí ìdì káákì.

"Ẹ má sọ nǹkan kan, Bàbá. Ẹ máa ránṣọ yín lọ."

Mo ń ránṣọ. Mo rán apá kan, mo rán èkejì. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi bí ẹni tó bu omi sẹ́nu tó ń wá ibi tó máa tu ú sí. Mo ń tẹ ẹ̀rọ.

Nígbà tó yá ló ní àwọn oní-sìmẹ́ǹtì ti fèsì. Ọjọ́ kejì ni gbogbo àwọn tuntun máa wọlé, ẹni tí kò bá lè wá lọ́jọ́ náà, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo rán apá kẹta.

Ó ní, "Bí mo bá dúró nítorí àánú wọn, kò ní pé ọdún méjì tí n ó máa kórìíra wọn. Mo mọ ara mi. Bí mo bá sì lọ báyìí, n ó máa rí obìnrin orí àtẹ̀gùn yẹn nígbà tí mo bá ń wa mọ́tò wọn." Ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, èmi kọ́. "Mi ò lè máa ka ìwé sí ẹnìkan létí mọ́, kí n máa ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Ìyẹn náà ò ṣeé ṣe mọ́. Bóyá mo dúró tàbí mo lọ."

Ẹnu mi ṣí. Mo tún pa á dé. Ó rí i, ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó wọ bàtà rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Mi ò mọ ohun tí mo ṣe.


Ẹtì, 30 oṣù kẹjọ

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi ìbẹ̀rù dà á rú.

Láàárọ̀, Lọ́yà lọ bá Ọ̀gá Àgbà, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun á dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí òun ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí Ọ̀gá Àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún adájọ́ pé òun kò ríran mọ́. Kí ó jẹ́ òun Lọ́yà ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún awakọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ òun sí bọ́ọ̀dù iwájú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ̀gá Àgbà, kí àwọn méjèèjì sì máa pín ohun tó bá wọlé, kí ọ̀rọ̀ owó oṣù parí.

Ọ̀gá Àgbà bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Ọ̀gá Àgbà ní kó jáde, òun máa rò ó.

Aago mẹ́ta, kò tíì pè é. Aago mẹ́rin, kò pè é. Akọ̀wé ní Ọ̀gá Àgbà ti gba ẹ̀yìn lọ sílé. Àwọn oní-sìmẹ́ǹtì sì ń tì ní aago márùn-ún.

Lọ́yà pè wọ́n. Ó ní kí wọ́n mú ẹlòmíràn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, mo ní, "Kí Ọ̀gá Àgbà tó dá a lóhùn?" Ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Tí ó bá wá kọ̀ ńkọ́?" Ó ní kí n máa jẹun. Òun náà ò jẹun. Obìnrin tó ti ń ní kó lọ, kó lọ, ó dìde, ó lọ ká aṣọ tí kò tíì gbẹ.

Ọwọ́ kejì ò tíì di nǹkan kan mú, ó ti tú ọwọ́ kìíní sílẹ̀.


Àìkú, 1 oṣù kẹsàn-án

Kò sí ìpè. Òjò.


Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹsàn-án

Òní ni ì bá wọ iṣẹ́ tuntun. Mo rí ọkọ̀ àwọn oní-sìmẹ́ǹtì tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo yí ojú sí ògiri.

Ọ̀gá Àgbà ò wá sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé ní ara rẹ̀ ò yá. Lọ́yà jókòó ti fáìlì awakọ̀, tí ọ́fíìsì òdìkejì ò tíì wá gbé, ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ bóyá wọ́n máa jẹ́ kí òun sọ.

Mo béèrè bàtà mi lọ́wọ́ ìyá wọn. Ó ní rárá.


Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹsàn-án

Ọ̀gá Àgbà ò tún wá. Kò gbé fóònù. Bí kò bá yọjú lọ́la, Lọ́yà lè dìde sọ̀rọ̀ fún awakọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Ọ̀gá Àgbà ló wà lórí ẹjọ́ náà, lọ́yà ìjọba á sì ní kí wọ́n sún un síwájú. Bó bá yọjú tí ó dìde bí ẹni tó ń ríran, tí ìka rẹ̀ ń wá kókó, ọmọ mi ní òun á dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á jáde. Ó ní òun ò ní ṣe ìyẹn mọ́.

Ó pè mí fúnra rẹ̀. "Aago mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Mo parí aṣọ ilé ìwé kẹta. Mo yẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò wò ní méjì méjì.


Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹsàn-án

Ìyá wọn dá bàtà mi padà.

Kóòtù kún, àga le, fáànù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn. Awakọ̀ wà nínú àpótí olùjẹ́jọ́, ọkùnrin kúkúrú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ìlà kejì. Lọ́yà wa jókòó níwájú ní òun nìkan, aṣọ dúdú, àga òfìfo lápá ọ̀tún rẹ̀.

Wọ́n pe ẹjọ́ mìíràn. Wọ́n pe òmíràn. Àga yẹn ṣófo.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ pe ti awakọ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Àgbà ló wọlé, ó di apá akọ̀wé mú. Ó fi gbogbo ọwọ́ dì í mú ni, níṣojú gbogbo èèyàn, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí i tó rìn ní kóòtù yìí lọ́jọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ wọ aṣọ dúdú wá síbẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ni ilé. Àwọn lọ́yà yòókù dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò jókòó. Ó dúró, ó kọ ojú sí ibi tí ohùn adájọ́ ti ń wá.

"Olúwa mi," ló wí, "kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ohun kan láti sọ fún kóòtù. Ojú mi ti lọ. Kì í ṣe òní ló lọ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ̀bi náà, tèmi nìkan ni."

Adájọ́ bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní kóòtù ti gbọ́, òun máa rí Ọ̀gá Àgbà ní yàrá òun lẹ́yìn. Lọ́yà ìjọba ti dìde, ó ti la ẹnu. Adájọ́ ní kó jókòó ná.

"Ta wá ló ń gbẹnu sọ fún olùjẹ́jọ́?"

Ọ̀gá Àgbà fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó.

Ọmọ mi dìde. "Èmi ni, Olúwa mi."

Kò wẹ̀yìn wo ibi tí mo wà. Láti ìgbà tó ti ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bó bá fẹ́ ka ewì níwájú èèyàn, á kọ́kọ́ fojú wá mi. Lónìí kò wá mi. Ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní tírélà náà kúrò ní géètì ní òfìfo, àwọn tó di ẹrù mọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé awakọ̀ kì í ka ẹrù. Ó sọ òfin tí mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà di ojú, ó na etí, orí rẹ̀ ń mì díẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó mọ̀, ìgbà kan wà tí orí náà dúró, ó dà bíi pé ó gbọ́ èyí tí kò mọ̀.

Nígbà tí lọ́yà ìjọba náà sọ tirẹ̀ tán, adájọ́ ní òun máa dá ẹjọ́ lọ́jọ́ kẹtàlélógún. Wọ́n mú awakọ̀ padà. Kó tó wọ ẹnu ọ̀nà, ó tẹ orí ba fún ọmọ mi.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá Àgbà kọjá. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi. "Bàbá Lọ́yà." Mo dúró. Mi ò dọ̀bálẹ̀, mi ò dúpẹ́, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń kọ bọ́ọ̀dù iwájú ilé?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní ó dára.

Lọ́yà bá wa wálé. Ó jẹun, ó jẹ ẹran inú abọ́ Fíríìjì mọ́ tirẹ̀, Fíríìjì ń ké pé kí wọ́n gbé òun náà lọ sí kóòtù, kí wọ́n dá ẹjọ́ ẹran fún òun. Lẹ́yìn náà Lọ́yà na ẹsẹ̀ sórí àga. Ọjọ́ kẹtàlélógún ṣì jìnnà. Bóyá wọ́n á dá awakọ̀ sílẹ̀, bóyá wọn ò ní dá a sílẹ̀. Ohun tí adájọ́ sọ fún Ọ̀gá Àgbà ní yàrá, kò sọ ọ́ fún wa. Iye tó máa kàn án lóṣù nínú ohun tí àwọn méjèèjì bá pín, kò sọ ìyẹn náà.

"Bàbá," ló wí, "ẹ ò ní bi mí ní nǹkan kan?"

Mo ní rárá, kó sinmi.

Ìyá rẹ̀ dìde láti ibi tó jókòó, ó wá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí mi, ó ní ṣé ara mi yá báyìí.